Ohùn Bàbá ní Àárọ̀ Ìṣẹ́gun

Aago mẹ́wàá àárọ̀ kọjá ìṣẹ́jú méje, ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ni ohùn kan wọ orí fóònù mi. Láti ọjọ́ náà, ara mi kì í tètè balẹ̀ sí ohùn ẹnikẹ́ni tí mi ò bá rí ojú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà tó lè yé yín, ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń múra láti kọ́ iṣẹ́ alukoro, ó yẹ kí n kọ́kọ́ sọ bí ohùn ṣe rí nígbà tí mo wà ní kékeré. Mo mọ̀ pé mi ò tíì tó ẹni tí í pe ara rẹ̀ ní àgbà. Kò tíì pẹ́ tí mo jáde ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Àmọ́ nǹkan ti yí padà kíákíá débi pé irú wa náà ti ní ìgbà àtijọ́ tiwa.

Ní ilé wa ní Ajah, ìyá ìyá mi ló ń jókòó sí ẹ̀bá ilẹ̀kùn. Ojú wọn ti fọ́ kí wọ́n tó bí mi. Bí àlejò bá dé, á dúró níta, á ní, "Àgò o." Bí Ìyá àgbà bá ti gbọ́ ohùn náà, wọ́n á ti mọ ẹni tí í ṣe, wọ́n á dáhùn pé, "Àgò yà," èmi á sì fa irin ilẹ̀kùn. Wọ́n máa ń mọ ẹni tí ọ̀fìnkìn ń yọ lẹ́nu, wọ́n sì máa ń mọ ẹni tó ti sunkún kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Mi ò rántí ọjọ́ kan tí wọ́n ṣi ẹnikẹ́ni mọ̀. Ó lè jẹ́ pé ó ṣẹlẹ̀ rí nígbà tí mi ò sí nílé. Èyí tí mo rí ni mò ń sọ. Ohun tí mo gbà lọ́kàn nígbà náà ni pé bí ohùn ẹnìkan bá ti wà níbì kan, òun fúnra rẹ̀ ló wà níbẹ̀.

Èrò yìí ni mo gbé lọ sí ibi ìkọ́ṣẹ́, nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ rán wa jáde fún oṣù mẹ́fà. Ilé-iṣẹ́ alukoro kékeré kan ni wọ́n gbà mí sí ní Ṣàngótẹ̀dó, lókè ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta táìlì. Àwa mẹ́ta péré ni: Ọ̀gá wa, obìnrin tí ọ̀rọ̀ máa ń dùn lẹ́nu wọn, Bọ̀ọ̀dá kan tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà, àti èmi tí wọ́n ń pè ní Akẹ́kọ̀ọ́. Iṣẹ́ alukoro, gẹ́gẹ́ bí Ọ̀gá ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún mi, ni kí aráàlú lè ní èrò rere nípa ẹni tó gbé iṣẹ́ fún wa. Gbogbo ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n máa ń buwọ́ lu ìwé tí mo ń kọ iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ náà sí. Láìsí ìbuwọ́lùwé yẹn, ilé-ẹ̀kọ́ kò ní ka ọ̀sẹ̀ náà kún iṣẹ́ mi.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo kọ sínú ìwé náà ni bí ẹ̀rọ ṣe yí iṣẹ́ yìí padà. Lẹ́tà tí Ọ̀gá ní àwọn máa ń fi odindi ọjọ́ kan kọ láyé àtijọ́, kọ̀ǹpútà Bọ̀ọ̀dá ń kọ ọ́ kí tíì tó tutù. Àwọn kan tó ra ilé lọ́wọ́ oníbàárà wa kan kọ̀wé pé omi ń wọ yàrá àwọn bí òjò bá rọ̀. Láàárín wákàtí kan, ẹ̀rọ náà ti kọ lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ sí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn pẹ̀lú orúkọ rẹ̀, bí ẹni pé ẹnìkan ti dé ilé wọn. Mo béèrè ẹni tó lọ wo omi náà. Bọ̀ọ̀dá rẹ́rìn-ín, ó ní, "Akẹ́kọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ la ń tà níbí, a kì í gbá omi." Mo kọ èyí náà sílẹ̀.

Nígbà tó yá, ilé-iṣẹ́ kan tó ń kọ́ ilé sí ẹ̀gbẹ́ abúlé àtijọ́ kan lẹ́yìn Ajah gbé iṣẹ́ fún wa. Ọ̀nà ẹsẹ̀ kan wà tí àwọn ará abúlé ń gbà lọ sí ọ̀sà, níbi tí wọ́n ń so ọkọ̀ ìpẹja wọn mọ́. Ilé-iṣẹ́ náà fẹ́ fi géètì dí i. Abúlé kò gbà, pàápàá Bàbá, tó jẹ́ àgbà wọn. Ọ̀gá ní kí n lọ bá Bàbá, kí n gba ìtàn abúlé náà sílẹ̀, pé a fẹ́ fi bọlá fún wọn. Mo lọ. Mo sọ fún wọn pé àwọn tó ń kọ́ ilé ló gbé iṣẹ́ fún ilé-iṣẹ́ wa, wọ́n sì tún fara balẹ̀ sọ̀rọ̀ fún mi. Ìṣẹ́jú mọ́kànlélógójì ni mo gbà sílẹ̀ lórí fóònù mi. Wọ́n fún mi ní àgbọn mu, mo sì ya fọ́tò wọn, mo ṣèlérí pé màá tẹ̀ ẹ́ wá fún wọn.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ Ajé, mo gbé fọ́tò náà lọ. Ẹnu ọ̀nà ilé kejì sí ti Bàbá ni mo ti bá wọn lórí ẹní. Ọ̀rẹ́ wọn, ọkùnrin tó ń kan ọkọ̀ fún àwọn apẹja, ti kú ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. Mo na fọ́tò náà sí wọn, wọn ò gbà á. Wọ́n ní kí n gbé e pa mọ́ títí di ọjọ́ kẹjọ, ọjọ́ fídáù. Ní abúlé yẹn, bí òkú bá kú, wọn kì í dá ọ̀rọ̀ mìíràn sílẹ̀ títí wọ́n á fi ṣe àdúà ọjọ́ kẹjọ: wọn kì í sọ ọ̀rọ̀ ilẹ̀, wọn kì í sọ ọ̀rọ̀ ìyàwó gbígbé. Opó òkú náà, tó ni ilé yẹn, ló ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Mo padà sí ọ́fíìsì lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Bọ̀ọ̀dá sì ní kí n fi ohùn Bàbá tí mo gbà sílẹ̀ ránṣẹ́, èyí tó mọ́ jù. Mi ò béèrè ohun tí ó fẹ́ fi ṣe. Títí di òní, ibẹ̀ ni mo ti ń dá ara mi lẹ́bi.

Ọjọ́ kejì ni ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí mo wí. Ọmọ Bàbá ti fi mí sínú gúrúùpù abúlé lórí fóònù. Ohùn tó wọlé láti orí nọ́ńbà tí mi ò mọ̀ ní: "Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ gbọ́ mi. Ní àárọ̀ òní, àwa àgbà bá àwọn tó ń kọ́ ilé jókòó. A ti gbà kí wọ́n ti ọ̀nà ọ̀sà. Kí ẹnikẹ́ni má bá wọn jà."

Ohùn Bàbá ni. Mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹfà. Lẹ́yìn "ẹ gbọ́ mi," wọ́n ha ọ̀fun díẹ̀. Mo ṣí èyí tí mo gbà sílẹ̀, mo rí ibi tí wọ́n ti wí bẹ́ẹ̀ tí wọ́n sì ha ọ̀fun bẹ́ẹ̀. Mo rò ó pé èèyàn lè máa ha ọ̀fun bákan náà nígbà gbogbo, èyí nìkan kò tó ẹ̀rí. Ohun tó bà mí lẹ́rù ni pé ohùn náà kò kí opó, kò dárúkọ òkú, ó sì ń sọ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ní ọjọ́ kẹrin. Ẹni tí kò jẹ́ kí n gbé fọ́tò ara rẹ̀ jáde lánàá!

Mo bi Ọ̀gá léèrè bóyá ẹ̀rọ wa ló fi ohùn Bàbá tí mo gbà sílẹ̀ ṣe ohùn tuntun náà. Wọn ò gbójú kúrò lára fóònù wọn.

"Ṣé ọlọ́pàá ni ẹ́ ni, àbí akẹ́kọ̀ọ́?"

"Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí, mà."

"Kọ́ṣẹ́ nígbà náà. Ọjọ́ Ẹtì kò ní pẹ́ dé."

Bọ̀ọ̀dá ń tẹ kọ̀ǹpútà rẹ̀ lọ. Mi ò rí i kó ṣe ohùn náà, mi ò sì lè sọ pé òun ló ṣe é.

Ní ọjọ́bọ̀, mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí abúlé. Bí mo ṣe ń bá Bàbá sọ̀rọ̀, apẹja kan kọjá, ó kí wọn láìdúró, ó ní, "Bàbá onígéètì, ẹ kú ìnáwó o." Fóònù onítọ́ọ̀ṣì ni Bàbá ń lò, ohùn náà kò lè wọ inú rẹ̀. Mo gbé tèmi sí etí wọn. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n dá fóònù padà fún mi.

"Ohùn mi ni," ni wọ́n wí. "Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹnu mi."

Wọ́n ní ohun tó ń dun àwọn ju ọ̀nà lọ ni pé àwọn máa kú lọ́jọ́ kan, aráyé á sì máa sọ pé àwọn ló ta ọ̀sà. Wọ́n ní ọjọ́ fídáù ni gbogbo abúlé máa pé. Kí n wá, kí n wá sọ ohun tí mo mọ̀. Mo mọ ohun tí yóò ná mi. Ní ọjọ́ Ẹtì, Ọ̀gá gba ìwé mi, wọ́n sì dá a padà fún mi láìbuwọ́ lù ú.

Lẹ́yìn àdúà fídáù, mo dìde láàárín wọn. Mo sọ pé èmi ni mo gba ohùn Bàbá, èmi ni mo fi ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì, èmi kò sì béèrè ìdí. Mo ṣí ohùn ìṣẹ́jú mọ́kànlélógójì náà kí wọ́n lè gbọ́ ibi tí Bàbá ti sọ pé ọ̀nà ọ̀sà kì í ṣe ohun tí ẹnìkan lè tà. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Apẹja ọjọ́bọ̀ yẹn bá dìde.

"Àǹtí, báwo la ṣe máa mọ̀ pé èyí tiyín náà kì í ṣe ẹ̀rọ?"

Ìbéèrè gidi ni. Ohun kan ṣoṣo tí mo gbé wá ni ohùn, èmi fúnra mi ni mo sì ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún wọn pé ohùn kò ṣeé gbára lé mọ́.

Opó náà ló sọ̀rọ̀, láìdìde lórí ẹní. "Ohùn yẹn ní àárọ̀ Ìṣẹ́gun làwọn bá wọn jókòó. Ní àárọ̀ Ìṣẹ́gun, ẹnu ọ̀nà mi ni Bàbá wà láti ìdájí títí wọ́n fi kírun ọ̀sán. Èmi ni mo bu omi àlùwàlá fún wọn. Ta ló fẹ́ sọ pé ẹ̀rọ ni èmi náà?"

Kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀. Apẹja náà dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá. Mo rí àwọn kan tí kò dìde, tí wọ́n kàn ń wo fóònù wọn. Mi ò mọ ohun tó wà lọ́kàn wọn.

Ẹ̀yin àbúrò mi, ẹ̀rọ wọ̀nyí wúlò, mi ò ní purọ́ mọ́ wọn. Èmi náà ń lò wọ́n níbi iṣẹ́ báyìí. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wà ní kékeré, afọ́jú lè máa ṣọ́ ilẹ̀kùn. Lónìí, ẹni tí ojú rẹ̀ ríran gan-an ló ń bẹ̀rù láti ṣí i. Ẹ máa béèrè ohun tí ẹni tó rán yín fẹ́ fi ṣe kí ẹ tó fi ohùn ẹlòmíì lé e lọ́wọ́. Èmi ò béèrè.

Mo padà lọ sí abúlé náà lẹ́yìn tí mo gboyè. Òpó irin méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà ọ̀sà, kò sí géètì láàárín wọn. Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n jáwọ́ ni tàbí wọ́n ń dúró de ọjọ́ mìíràn. Mo rìn gba àárín wọn dé etí omi, mo sì padà wá sí ilé Bàbá. Fọ́tò wọn wà lọ́wọ́ mi. Ilẹ̀kùn wà ní títì.

Mo ní, "Àgò o."

Mo gbọ́ tí àga dún nínú ilé. Bàbá kò dáhùn pé àgò yà. Wọ́n ní kí n bọ́ sí ojú fèrèsé, kí àwọn lè rí mi.