Àlejò Inú Kọ̀ǹpútà

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo lọ gba ìwé ní ọ́fíìsì kan ní Bassa, ní Douala níbí, ni ẹ̀rọ fáàsì àtijọ́ kan tí wọ́n fi ń fi ìwé ránṣẹ́ bá ké wíìì lẹ́yìn mi. Mo fò sókè. Akọ̀wé ibẹ̀ fi mí rẹ́rìn-ín. Kò mọ̀ pé irú ariwo yẹn ni kọ̀ǹpútà máa ń pa nígbà èwe mi kó tó wọ íńtánẹ́ẹ̀tì.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ìgbà wàhálà Bakassi ni. Orílẹ̀-èdè méjì ń jà sí ilẹ̀ olómi kan, àwa ọmọ Nàìjíríà tó wà ní Douala sì ń rìn lẹ́bàá ògiri. Ní àdúgbò Madagascar tí à ń gbé, wọ́n ní ọlọ́pàá máa tó ka àlejò láti ojúlé dé ojúlé. Bàbá mi, káfíńtà ni, kò ní káàtì séjúù, ìwé ìgbélùú. Bí bàtà bá ti ró kókó níta, Màmá á pa rédíò.

Àsìkò yẹn ni ará ìjọ wa kan sọ fún Bàbá pé mùsíọ́mù kan nílẹ̀ òyìnbó ti gbé àwòrán ilẹ̀kùn ọlọ́nà sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, irú èyí tí bàbá àgbà máa ń gbẹ́ nílé. Ara Bàbá ò balẹ̀ mọ́. Lọ́jọ́ Sátidé ó wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì, ó mú mi lọ sí sáíbà, ilé tí wọ́n ti ń háyà kọ̀ǹpútà, ní Deïdo, torí èmi ni mo gbọ́ Faransé.

Àwòrán náà ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti òkè: adé ọba, ojú ọba, ọrùn. Ó pẹ́ gan-an kí ẹsẹ̀ ẹṣin tó yọ. Bàbá ń fi ìka tọ ipa ọ̀bẹ náà lójú kọ̀ǹpútà. Ó ní kí n kí àwọn onílé, pé kò dáa ká wọlé wọn láìkí wọn. Ìwé àlejò tí àwọn tó bá wá wò ó ń kọ orúkọ sí wà nísàlẹ̀, mo kọ orúkọ Bàbá, Nàìjíríà, Douala. Mo tiẹ̀ fi àdúgbò wa kún un, kí wọ́n lè rí wa tí wọ́n bá fẹ́ dá wa lóhùn. Bí mo ṣe tẹ̀ ẹ́ báyìí, ó kọ ọ́ síta: visiteur numéro 417.

Yorùbá mi ò jinlẹ̀. Mo ní, “Bàbá, wọ́n ní ẹ̀yin ni àlejò nọ́ńbà 417.”

Ẹ̀rín kú lẹ́nu rẹ̀. “Ta ló ń ka àlejò?”

Ó bi mí pé kí ni mo kọ. Mo ní mo kàn kí wọn ni. A ò dúró wo ilẹ̀kùn náà tán.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni Bàbá fi sùn sí ṣọ́ọ̀bù. Èmi nìkan ni mo mọ̀ pé mo ti fi àdúgbò wa hàn. Lọ́sàn-án ọjọ́ Sọ́ńdè kan tó wá jẹun nílé, ọlọ́pàá wọ àdúgbò. Bàbá kó sínú kọ́bọ́ọ̀dù tó kàn fún Màmá. Ẹsẹ̀ wọn dúró lẹ́nu ọ̀nà wa, ó pẹ́, wọ́n sì kọjá. Mo kúnlẹ̀ níwájú kọ́bọ́ọ̀dù, mo sunkún, mo jẹ́wọ́ gbogbo ohun tí mo kọ.

Mo gbọ́ ohùn Bàbá látinú kọ́bọ́ọ̀dù: “Ṣé o kọ orúkọ mi dáadáa?”

Kò sẹ́ni tó tìtorí ìwé àlejò yẹn wá. Bàbá ti lọ sọ́run. Ìṣẹ́jú akàn báyìí, ilẹ̀kùn náà ti yọ látòkè délẹ̀ lórí fóònù mi. Àwọn oní-íńtánẹ́ẹ̀tì ò fi iye àlejò hàn mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ń kà wá ju ti àtijọ́ lọ. Tí ẹ̀rọ kankan bá béèrè orúkọ mi, ẹ̀rù ṣì máa ń bà mí. Ṣùgbọ́n orúkọ Bàbá ni mò ń jẹ́. Mo máa ń kọ ọ́ dáadáa.