Ìwé Tí Mi Ò Fọwọ́ Sí

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ọ̀rọ̀ kan ti wà lọ́kàn mi tipẹ́ tí mi ò lè sọ síta. Lónìí, mo fẹ́ sọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀ sí mi gan-an. Ẹ fara balẹ̀ bá mi kà á.

Iṣẹ́ télọ̀ ni mò ń ṣe, ní abúlé kan tí kò jìnnà sí Mamu, nílẹ̀ Ìjẹ̀bú. Wọ́n kọ́ ilé ìwòsàn kékeré kan síbẹ̀ lẹ́bàá títì. Wọ́n kùn ún, wọ́n gé ríbọ́ọ̀nù, wọ́n ya fọ́tò. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n fi àgádágodo tì í! Kò sí nọ́ọ̀sì, kò sí oògùn. Odidi ọdún méjì! Ewúrẹ́ nìkan ló ń sùn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀.

Màmá Tísà, tó ti ṣe ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ rí kó tó fẹ̀yìn tì, ló kọ́kọ́ ní kò gbọ́dọ̀ rí bẹ́ẹ̀. Ó kọ lẹ́tà sí àwọn aláṣẹ ìjọba ìbílẹ̀, ó sì ń gbé e kiri ojúlé ká lè fọwọ́ sí i.

Sídí ọ̀rẹ́ mi ló kọ́kọ́ fọwọ́ sí i. Gàrí ló ń yan, oyún oṣù méje sì wà nínú rẹ̀ nígbà náà. Ó nu ọwọ́ sára ìró, ó gba bírò, ó wá kọjú sí mi. Ó ní, "Ìwọ náà fọwọ́ sí i jàre. Àbí orí máṣíìnì rẹ lo fẹ́ kí n bímọ sí?"

A jọ rẹ́rìn-ín. Àmọ́ mi ò fọwọ́ sí i.

Kí ló dé? Akọ̀wé ni ọkọ mi lọ́fíìsì àwọn aláṣẹ yẹn. Ó ti kìlọ̀ fún mi pé bí wọ́n bá rí orúkọ ìdílé òun lórí irú ìwé bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ lè bọ́ lọ́wọ́ òun. Mo sọ fún Màmá pé mo fẹ́ lọ rò ó wò. Àwọn ọmọbìnrin tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ń wojú mi. Bí wọ́n ṣe rí i pé mo dá bírò padà, àwọn náà dá a padà. Àwọn oníbàárà mi ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́.

Èèyàn mọ́kànlá péré ló fọwọ́ sí lẹ́tà náà. Nígbà tí Màmá gbé e dé ọ́fíìsì, wọ́n bi í pé ṣé èèyàn mọ́kànlá ló ń jẹ́ abúlé. Wọ́n ní kó lọ sinmi nílé.

Oṣù méjì lẹ́yìn náà, lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, wọ́n sáré wá pè mí. Sídí ti bímọ sílé. Ọmọ ń ké, àmọ́ ẹ̀jẹ̀ ò dá lára ìyá rẹ̀. Kò lè jókòó lórí ọ̀kadà. A pe mọ́tò láti Ìjẹ̀bú-Igbó, a sì gbé Sídí lọ sétí títì láti dúró dè é. Níbo la fẹ́ tẹ́ ẹ sí? Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn yẹn náà ni.

Orí rẹ̀ wà lórí itan mi. Ó ní òtútù ń mú òun, mo tú ìborùn mi, mo fi bò ó. Ó bi mí pé ṣé mọ́tò ti ń bọ̀. Mo ní ó ti ń bọ̀. Kò tíì dé nígbà tó dákẹ́.

Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ilẹ̀kùn tí wọ́n tì pa! Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n ti kírun sí i lára, wọ́n sì ti sin ín.

Lọ́jọ́ kẹta, mo lọ bá Màmá Tísà, mo ní kó fún mi ní ìwé yẹn. Kò bú mi. Ó ní, "Ọmọ mi, ìwé ti lọ. Ẹsẹ̀ ló kù ká fi rìn."

A sì rìn. Obìnrin tó lé lógójì ni wá, Mùsùlùmí àti ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì. A kọ ọ́ sára páálí pé, Ẹ ṢÍLẸ̀KÙN FÚN WA. Màmá ní ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ sọ òkò, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ bú èèyàn. A jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú géètì ọ́fíìsì àwọn aláṣẹ. Àwọn ọlọ́pàá dé, wọ́n wò wá títí, wọ́n lọ dúró sábẹ́ igi.

Ọ̀gá kan jáde, ó ní ta ni olórí wa. Èmi ni mo dìde. Mo rí ọkọ mi lójú fèrèsé òkè, ó ń wò mí. Mo sọ bí Sídí ṣe kú. Mo tún sọ pé èmi náà wà lára àwọn tí kò fọwọ́ sí lẹ́tà, pé ẹ̀rù ló bà mí. Ọ̀gá náà ní àwọn á wò ó. A ní a ó dúró títí wọ́n á fi wò ó tán. Ọjọ́ mẹ́rin la fi jókòó síbẹ̀, láti àárọ̀ títí dìrọ̀lẹ́.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n fi nọ́ọ̀sì méjì ránṣẹ́ sí wa. Wọ́n sì gbé iṣẹ́ ọkọ mi lọ sí apá Ogun Waterside. Ọjọ́ Sátidé nìkan ló ń wálé báyìí. Mo rò pé á bínú sí mi. Bó ṣe ń di báàgì rẹ̀ ló kàn sọ pé, "À bá ti fọwọ́ sí i nígbà yẹn." "À bá," ló wí. Kò di ẹ̀bi náà ru èmi nìkan. Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí ilé ìwòsàn náà, ìyá Sídí pọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ wá. Ọkùnrin kan ti kọ́kọ́rọ́ bọ àgádágodo, ó yí i lẹ́ẹ̀kan, ilẹ̀kùn ṣí. Ìyá dúró, ó tẹjú mọ́ ọn. Ó ní, "Ṣé bó ṣe rọrùn tó láti ṣí nìyí?"

Ó tún ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ pọ̀n, ó wọlé.

Ẹ̀yin èèyàn mi, iṣẹ́ ọkọ mi ni mo ní mò ń dáàbò bò. Ẹ wo ohun tó ná wa! Ká máa béèrè ẹ̀tọ́ wa lọ́wọ́ ìjọba, wọ́ọ́rọ́wọ́, láìjà láìta. Àmọ́ ká tètè béèrè, nígbà tí ẹni tó nílò rẹ̀ ṣì wà láàyè.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé ẹ ti dákẹ́ rí nígbà tó yẹ kí ẹ sọ̀rọ̀? Kí ló wà ní títì pa ládùúgbò tiyín? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ fún mi, gbogbo rẹ̀ ni n ó kà.