Fọ́ọ̀mù Tí Mo Fi Ń Mọ Ọmọ Burúkú

Òórùn èéfín ni mo kọ́kọ́ fi mọ ọmọbìnrin náà. Tó bá gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá sí kíláàsì láàárọ̀, ṣe ló dà bí ẹni pé inú ààrò ni aṣọ ilé-ìwé rẹ̀ sùn mọ́jú. Ojú rẹ̀ á pọ́n koko, ètè rẹ̀ á gbẹ, tíṣà ìṣirò kò sì ní tíì kọjú sí pátákó tán tí ọmọ náà yóò fi gbé orí lé tábìlì. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni, kíláàsì àṣekágbá ló wà, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló sì ń fi gbogbo ẹ̀mí rẹ̀ fẹ́. Ká ní mo bi í ní ìbéèrè kan péré bó ṣe yẹ kí ènìyàn bi ọmọ, bóyá nọ́ọ̀sì ni ì bá jẹ́ lónìí. Ṣùgbọ́n fọ́ọ̀mù ni mo gbé dání nígbà yẹn, fọ́ọ̀mù ni mo sì gbà gbọ́.

Nǹkan bí àárín àwọn ọdún 1990 ni ìjọba gbé mi lọ sí ilé-ìwé girama kan lójú ọ̀nà Òkìtìpupa sí Ìlútítun. Ọmọ apá Ọ̀yọ́ ni mí. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mí nígbà náà, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kẹ́kọ̀ọ́ bí a ṣe ń gba ọmọ ilé-ìwé nímọ̀ràn tán, mo sì gbà pé kò sí ohun tó lè ṣe ọmọ ènìyàn tí kò sí nínú ìwé tí mo kà. Bàtà gíga ni mò ń wọ̀ lórí yẹ̀pẹ̀ rírọ̀ ibẹ̀, tí gìgísẹ̀ rẹ̀ ń rì ní gbogbo ìṣísẹ̀. Àwọn ọmọ ń pè mí ní Àǹtí Kánsẹ́lọ̀. Tí àwọn ará ìlú bá ń sọ Ìkálẹ̀ láàárín ara wọn, mo máa ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tó gbọ́, bẹ́ẹ̀ ìdajì rẹ̀ ni mò ń gbọ́, n kò sì bèèrè ìdajì yòókù. Àwọn àgbà ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Èmi rò pé àwọn àlejò mìíràn ni wọ́n ń bá wí.

Ọ̀gá ilé-ìwé wa, ọkùnrin kan tó ku ọdún díẹ̀ kó fẹ̀yìn tì, pè mí sí ọ́fíìsì ní ìbẹ̀rẹ̀ táàmù kìíní. Ó ní àwọn alábẹ̀wò ìjọba ń bọ̀ kí táàmù tó parí, wọ́n sì fẹ́ rí ètò tí a ṣe fún àwọn ọmọ tó wà nínú ewu, àwọn tí ẹsẹ̀ wọn ti fẹ́ yọ̀ kúrò lójú ọ̀nà ẹ̀kọ́. Wọ́n fẹ́ mọ bí a ṣe yàn wọ́n, ohun tí a ṣe fún wọn, àti ẹ̀rí pé ohun tí a ṣe náà ṣiṣẹ́. “Kánsẹ́lọ̀,” ó ní, “ẹ̀rí yẹn ni kó o mójú tó o.” Inú mi dùn bí ẹni tí wọ́n fi joyè. Mo jókòó, mo tẹ fọ́ọ̀mù kan tó ní àmì mẹ́sàn-án: ojú pípọ́n, òórùn èéfín lára aṣọ, oorun ní kíláàsì, pípa ilé-ìwé jẹ, àìfẹ́ dáhùn ìbéèrè, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Mo pín in fún àwọn tíṣà, wọ́n fa igi sí orúkọ ẹni tó bá bá a mu. Ọmọ méje ló jáde. Ọmọbìnrin yìí ló léwájú wọn, àmì méje nínú mẹ́sàn-án. Mo kọ “igbó mímu” sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ rẹ̀ pẹ̀lú bírò pupa.

Mo pè é sí yàrá mi. Ó kúnlẹ̀, mo ní kó dìde kó jókòó, nítorí ìwé ní kí ọmọ àti olùdámọ̀ràn máa wo ojú ara wọn. Mo bi í pé kí ló ń ṣe tí kì í jẹ́ kó sùn. “Mò ń ran ìye mi lọ́wọ́, ma.” Ìyá rẹ̀ ló ń pè bẹ́ẹ̀. Mo ní níbo. “Nídìí iná, ma.” Ó ń wo ilẹ̀ bó ṣe sọ ọ́, ojú sì ń tì í, nítorí àwọn ọmọ ọ́fíìsà tó wà nínú kíláàsì wọn máa ń fi iṣẹ́ ilé bẹ́ẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni tó bá lọ́gbọ́n á bi í pé iná kí ni. Èmi kọ ọ́ pé ó ń fi nǹkan pamọ́, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí wàásù fún un nípa igbó àti orí tó ń dàrú. Ó kàn ń dáhùn “bẹ́ẹ̀ ni, ma” sí gbogbo ọ̀rọ̀, gẹ́gẹ́ bí ọmọ tí wọ́n kọ́ pé a kì í bá àgbà jiyàn. Mo kọ ìyẹn náà sílẹ̀ pé ó ti jẹ́wọ́. Agbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dá ni ọba òṣìkà, àwọn baba wa ló wí bẹ́ẹ̀. Èmi kò tilẹ̀ gbọ́ ti ẹnìkan náà kí n tó dá a.

Ètò ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo ṣe fún wọn. Mo gbé bẹ́ǹṣì kan síwájú àsẹ́ńbílì, kí àwọn méjèèje máa jókòó sí i láràárọ̀ níṣojú gbogbo ilé-ìwé, kí ojú lè máa wà lára wọn. Ọlọ́dẹ á tú àpò wọn ní géètì. Tíṣà kọ̀ọ̀kan á fọwọ́ sí káàdì wọn. Ìtọ́jú ni mo pè é, mo tilẹ̀ máa ń rẹ́rìn-ín sí wọn tí wọ́n bá jókòó. Kí ọ̀sẹ̀ kìíní tó pé, àwọn ọmọ yòókù ti ń pè é ní bẹ́ǹṣì wèrè. Ọ̀rẹ́ tó ti ń bá ọmọbìnrin yìí rìn láti kíláàsì kìíní gbé àga rẹ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹnìkan fi ṣọ́ọ̀kì kọ “Ìyá Onígbó” sára tábìlì rẹ̀. Mo rí i, n kò sì nù ún, torí mo rò pé ojú tó ń tì í ló máa wò ó sàn. Ní ti oorun, kò sùn ní kíláàsì mọ́ lóòótọ́, nítorí mo ní kí àwọn tíṣà máa mú un dúró lórí ẹsẹ̀. Mo fi bírò búlúù kọ ọ́ sínú fáìlì pé ó ti ń yí padà.

Bàbá rẹ̀ ti kú. Ẹ̀gbọ́n bàbá náà ló ń gbọ́ bùkátà ilé-ìwé rẹ̀, alàgbà ni ní ìjọ aláṣọ funfun kan, ọkùnrin tó le, tó sì jẹ́ olóòótọ́. Òun ni mo kọ lẹ́tà sí pé ọmọ wọn ń mu igbó, ṣùgbọ́n kí wọ́n fọkàn balẹ̀, ilé-ìwé ti ń mójú tó o. Ó wá lọ́jọ́ kejì. Kò pariwo rárá. Ó ní òun kò ní jẹ́ kí wọ́n kọ orúkọ ọmọ onígbó mọ́ àwọn tó fẹ́ ṣe ìdánwò àṣejáde, àfi tí èmi tí mo kọ lẹ́tà àkọ́kọ́ bá kọ òmíràn pé ọmọ náà mọ́. Òpin táàmù yẹn ni wọ́n máa pa ìwé orúkọ náà dé.

Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, mo lọ sí ilé ìyá rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, torí ètò mi ní kí n ṣe àbẹ̀wò ilé lẹ́ẹ̀kan, ó kéré tán. Ẹ̀yìn ilé ni mo ti bá wọn, tìyátọmọ. Àjà onígi kan wà lókè iná, ó gbòòrò tó ibùsùn. Ẹ̀gẹ́ tí wọ́n rẹ, tí wọ́n fún, tí wọ́n mọ ní róbótó-róbótó ló kún orí rẹ̀, èéfín ń gba àárín wọn jáde. Púpurú ni. Mo ti ń jẹ ẹ́ láti bí ọdún kan nílé oúnjẹ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé-ìwé, funfun báláú nínú abọ́, n kò sì bèèrè rí bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ìyá náà ṣàlàyé fún mi pé iná ọ̀hún kò gbọdọ̀ kú títí ilẹ̀ á fi mọ́, pé òun àti ọmọ òun ló ń pín ìṣọ́ ṣe, pé ọjọ́ ọjà nìkan lọmọ náà máa ń pa ilé-ìwé jẹ nítorí òun nìkan kò lè ru ẹrù náà. Lẹ́yìn náà ó dúró, ó wò mí. “Ọma mi éè ṣe é, tíṣà,” ó ní. Ọmọ òun kò ṣe é. Omi ń bọ́ lójú mi lákòókò yẹn, kì í ṣe omi àánú, èéfín ló fà á. Nígbà tí mo délé tí mo wo dígí, ojú mi pọ́n koko, aṣọ mi sì ń rùn. Mo ti ní àmì méjì nínú mẹ́sàn-án láàárín wákàtí kan.

Ẹni tó bá ń ka èyí tó rò pé àìmọ̀ mi ló pa ọmọ náà lára, kó tún un rò. Mo ti mọ òtítọ́ láti ọjọ́ yẹn. Mo kọ lẹ́tà kejì, mo mú un lọ bá ọ̀gá láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ó kà á, ó yọ awò ojú rẹ̀. “Àwọn alábẹ̀wò ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Ṣé ohun tí a fẹ́ sọ fún wọn ni pé fọ́ọ̀mù rẹ kò mọ èéfín igbó yàtọ̀ sí èéfín oúnjẹ? Ta ló máa gba ti àwọn mẹ́fà yòókù gbọ́?” Ó ní kí n fi lẹ́tà náà pamọ́, kí n mú un jáde lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ìwé orúkọ kò ní tíì padé. Mo fi í sínú dúrọ́ọ̀ tábìlì mi. Mo rántí pé ọkàn mi tilẹ̀ fúyẹ́, nítorí ẹ̀rù tó ń bà mí jù kì í ṣe ti ọmọ náà, ti fáìlì mi ni.

Lọ́jọ́bọ̀, mo pe ọmọbìnrin náà. Mo fi lẹ́tà hàn án, ó kà á, inú rẹ̀ dùn bí n kò ṣe rí i rí. Mo wá sọ fún un pé bí àwọn àlejò bá bi í léèrè lọ́la, kó sọ pé òun ń mu igbó tẹ́lẹ̀, ètò wa ló jẹ́ kí òun jáwọ́. Mo ní ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni, àwọn àlejò á gbọ́ ọ, wọ́n á lọ, lẹ́tà á sì dé ọwọ́ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ó na lẹ́tà náà padà sí mi. “Àǹtí, ṣé irọ́ kọ́ nìyẹn?” Mo ní irọ́ tí kò pa ẹnikẹ́ni lára ni. “Ó dáa, ma,” ó ní.

Ọjọ́ Ẹtì dé, wọ́n to àga sí gbọ̀ngàn. Àwọn alábẹ̀wò mẹ́ta jókòó síwájú, mo dúró ti káàdì ńlá tí mo ya ìlọsíwájú àwọn ọmọ sí. Ìgbà tí mo yíjú ni mo rí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ lórí àga tó kángun sí ilẹ̀kùn. Ọ̀gá ló ránṣẹ́ pe àwọn òbí díẹ̀ kí gbọ̀ngàn lè kún, kò sì sọ fún mi. Àyè wà tí mo lè fi sọ pé ó tó, pé èmi ni mo ṣì í. Àyè náà pọ̀ dáadáa, torí alábẹ̀wò àgbà ṣì ń ṣí ìwé rẹ̀ wá ojú ewé. N kò la ẹnu. Alábẹ̀wò náà gbójú sókè, ó bi ọmọbìnrin náà pé kí ni ètò yìí ṣe fún un. Ọmọ náà wò mí. Ẹ̀yìn rẹ̀ ló kọ sí ilẹ̀kùn, kò mọ ẹni tó jókòó síbẹ̀. “Mò ń mu igbó tẹ́lẹ̀, sà,” ó sọ ọ́ ketekete, “Àǹtí Kánsẹ́lọ̀ ló jẹ́ kí n jáwọ́.” Wọ́n pàtẹ́wọ́. Nígbà tí àtẹ́wọ́ fi máa rọlẹ̀, àga tó kángun sí ilẹ̀kùn ti ṣófo.

Ọmọ náà dúró dè mí níta. “Ṣé mo sọ ọ́ bí ẹ ṣe fẹ́, Àǹtí?” Mo ní ó sọ ọ́ dáadáa. N kò sọ ẹni tó gbọ́ ọ fún un. Mo jẹ́ kó fi ìdùnnú rìn lọ sílé.

Mo gbé lẹ́tà lọ fún ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ó kà á tán, ó ká a padà bó ṣe wà. Mo sọ ti púpurú, mo sọ ti ìyá, mo kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì rẹ̀. “Tíṣà,” ó ní, “ẹ kọ́kọ́ kọ̀wé pé ó ń mu ún. Mo ní bóyá àṣìṣe ni, mo ní kí ẹ kọ òmíràn. Lánàá, ẹnu òun fúnra rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ, níwájú ìjọba. Ṣé ẹ wá mọ̀ ọ́n ju ara rẹ̀ lọ ni?” Mo ní èmi ni mo kọ́ ọ ní ohun tó sọ. Ó bi mí léèrè: “Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ọmọ ní irọ́, èwo nínú ọ̀rọ̀ yín ni kí n wá gbà?” Ó ní ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá bọ́, kò ṣeé kó, ó sì dá lẹ́tà mi padà fún mi. Kí ilé-ìwé tó wọlé lọ́jọ́ Ajé, wọ́n ti fi ọmọbìnrin náà ránṣẹ́ sí Ìkọ̀yà, sọ́dọ̀ ìbátan kan tó ní ẹkù epo, níbi tí wọ́n ti ń fún epo pupa. Ìyá rẹ̀ wá sílé-ìwé lẹ́ẹ̀kan. Ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn mi, kò wọlé, ó sì padà lọ.

Mo kọ ọ́ nínú ìròyìn tí mo fi ránṣẹ́ sí ìjọba pé nínú àwọn méje, ẹnìkan ti jáwọ́ pátápátá, pípa ilé-ìwé jẹ sì ti dín kù. Kò sí irọ́ níbẹ̀, ẹni tó ń pa á jẹ jù kò sí nínú ìwé orúkọ ilé-ìwé mọ́. Wọ́n yìn mí. Nígbà tó yá, wọ́n gbé mi lọ sí Àkúrẹ́ kí n máa kọ́ àwọn olùdámọ̀ràn mìíràn bí a ṣe ń lo fọ́ọ̀mù náà. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Òtítọ́ bá tèmi láti ọjọ́ kejì gan-an, kò kàn rí nǹkan kan fi í ṣe ni.

Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí. Wọ́n ṣì máa ń pè mí láti wá bá àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ṣẹ́ yìí sọ̀rọ̀, ọ̀kan nínú wọn kì í sì ṣàì bèèrè pé báwo ni ènìyàn ṣe lè mọ̀ dájú pé ètò òun ran ọmọ lọ́wọ́. Mo máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n bi ọmọ náà fúnra rẹ̀. Wọ́n á tẹrí ba, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀. N kò tíì sọ fún wọn rí pé a bi ọmọ tèmi náà, ohun tí mo kọ́ ọ ló sì fi dáhùn.