Nọ́ńbà Baba Àdírẹ́sì

Ọjọ́ tí àdúgbò kò gbàgbé ni ọjọ́ tí ọmọbìnrin Baba Àdírẹ́sì, tó bímọ sí ìlú òkèèrè, ní òun yóò fi ọmọ náà han àwọn òbí òun lórí kọ̀ǹpútà ní aago mẹ́rin. Aago mẹ́rin lù. Kọ̀ǹpútà ní òun kò rí ibi tí wọ́n ń rán òun lọ.

Ìyàwó bàbá sáré pe ẹnjiníà kọ̀ǹpútà tó wà ní òdìkejì títì. Ẹnjiníà jókòó, ó wò ó, ó mí kanlẹ̀.

"Bàbá, ta ló tẹ nọ́ńbà sí ibi DNS yìí?"

"Èmi ni. Kí ló ṣe é?"

"Kọ̀ǹpútà ò mọ ilé ẹnikẹ́ni lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, sà. DNS, ìwé àdírẹ́sì íńtánẹ́ẹ̀tì, ló máa ń bi. Àpótí íńtánẹ́ẹ̀tì tuntun yín ti fún un lẹ́ni tó máa bi. Ẹ̀yin wá ní ilé iṣẹ́ tẹ́ ẹ ń lò tẹ́lẹ̀ ni kó lọ bi. Wọ́n sì ti kógbá wọlé!"

"Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ṣa lẹ́tà nílé ìfìwéránṣẹ́," ni bàbá wí. "Ẹyọ kan ò sọnù lọ́wọ́ mi. Àpótí tí wọ́n gbé dé lánàá ni yóò wá júwe ọ̀nà fún mi?"

"Baálé mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó pa á rẹ́. Ọmọ ti fẹ́ sùn lọ o!"

Ó gbà, ṣùgbọ́n ó kọ́kọ́ da nọ́ńbà náà kọ sínú ìwé, kí ẹnjiníà má baà gbé e lọ. Nígbà tí ọmọ yọ, tó yán sí i lójú, bàbá rẹ́rìn-ín. "Mo sọ fún yín pé kò sóhun tó ṣe kọ̀ǹpútà yìí."

Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ó ti dá nọ́ńbà rẹ̀ padà. Ìyàwó rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ títí, etí ikún ló kọ sí i. Ẹnjiníà wá fi ọ̀rọ̀ àṣírí ti ibi DNS náà pa: olóríkunkun. Bàbá ṣí i lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ní ohun tí ìyàwó òun máa ń pe òun lòun kọ́kọ́ dán wò.

Síbẹ̀, gbogbo ọjọ́ Àìkú ní aago mẹ́rin tí ọmọbìnrin wọn máa ń pè, kọ̀ǹpútà máa ń ríran. Ìyàwó rẹ̀ kò mọ bó ṣe jẹ́.

Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, bàbá kú. Ọjọ́ Àìkú dé, kọ̀ǹpútà fọ́jú. Obìnrin náà ṣí ìwé ọkọ rẹ̀ láti wá nọ́ńbà fóònù ẹnjiníà, lẹ́tà kan sì jábọ́. Orúkọ obìnrin náà ló wà lẹ́yìn lẹ́tà náà.

"Ìyá wa, bí mi ò bá sí, pa nọ́ńbà mi rẹ́. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Èmi náà máa ń yọ ọ́ kí aago mẹ́rin tó lù. Ẹnjiníà ló jàre láti ọjọ́ kìíní. Má sọ fún un."

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó wá pa nọ́ńbà náà rẹ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì dùn ún dọ́kàn. Ọmọ ọmọ rẹ̀ yọ, ó ń pariwo, "Màmá àgbà!"

Nírọ̀lẹ́, ẹnjiníà yà wá kí i. Ó wo kọ̀ǹpútà, ẹnu yà á.

"Mà, ta ló bá yín tún un ṣe?"

Obìnrin náà ti lẹ́tà náà bọ àyà.

"Bàbá ni," ló dáhùn. "Ṣé o rò pé ó máa gbà kí ẹlòmíì fọwọ́ kàn án ni?"