Ta Ló Dúńbú Àkùkọ Kérésì?

Tí ọyẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í la ètè wa ní Ìkirè, tí ojúgun gbogbo ọmọdé funfun bí ẹni tí wọ́n da eérú sí lára, a ti mọ̀ pé ìrẹsì kò jìnnà mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń jẹ ìrẹsì láàárọ̀, tí ẹ tún ń jẹ ẹ́ lálẹ́, ẹ má fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Ayé ìgbà tí mò ń wí yìí, kí ìjọba òyìnbó tó kó ẹrù wọn lọ, oúnjẹ ọdún ni ìrẹsì. À ń jẹ ẹ́ ní Kérésì, à ń jẹ ẹ́ ní Àjíǹde, a sì tún ń rí i jẹ nígbà Iléyá tí wọ́n bá gbé tiwọn wá láti Àpòmù.

Bí Àpòmù ṣe wọ ọ̀rọ̀ náà ni pé ọmọ mùsùlùmí ni ìyá mi. Àpòmù ni wọ́n ti bí wọn, Ìkirè ni wọ́n wá lọ́kọ sí, nílé onígbàgbọ́ tó ń ṣe àgbẹ̀ kòkó. Bàbá tó bí wọn, tí àwa ọmọ ń pè ní Bàbá Àpòmù, kò tìtorí ṣọ́ọ̀ṣì bá wọn jà. Gbólóhùn kan péré ni wọ́n sọ: "Ọmọ mi, mi ò lè jẹ ẹran tí mi ò mọ ẹni tó dúńbú ẹ̀."

Gbólóhùn yẹn kò kúrò lọ́kàn ìyá mi. Fún ọdún mẹ́ta, tí wọ́n bá ti gbé oúnjẹ Kérésì ránṣẹ́ sí Àpòmù, Bàbá Àpòmù á kí wọn, á dúpẹ́, á sì gbé abọ́ náà fún tísà onígbàgbọ́ kan tó háyà yàrá nínú ilé wọn. Tísà yẹn jẹ Kérésì ìyá mi títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ fi yọ.

Ní ọdún kẹrin ni ìyá mi ronú kan ọgbọ́n. Àfáà kan wà ní ojúlé kejì sí tiwa. Láti ọdún náà lọ, àfáà ló ń bá wa dúńbú àkùkọ Kérésì. Wọ́n á ti kírun ìdájí tán, wọ́n á yí àkùkọ sí gábàsì, ibi tí mùsùlùmí ń kọjú sí kírun, wọ́n á ní "Bíṣímílà", ó parí. Ìyá mi á se ọbẹ̀, wọ́n á bu ìrẹsì sínú abọ́ tánńganran kan tó ní ìdérí, wọ́n á wá fi ìwe adìẹ lé e lórí. Ibi ìwe yìí ni bàbá mi ti máa ń sọ̀rọ̀.

"Èmi ni mo ra adìẹ, àna mi ló ń jẹ ìwe!"

"Ẹ̀yin náà ẹ bímọ obìnrin," ìyá mi á ní. "Ẹ dúró de àkókò tiyín."

Èmi ni ọmọ obìnrin ọ̀hún, èmi náà ni mo sì ń ru abọ́ lọ. Láti ilé wa dé Àpòmù nígbà náà, kò ju kéèyàn jẹ ìrèké méjì tán lọ́nà. Bàbá Àpòmù á jókòó sórí awọ àgbò lọ́dẹ̀dẹ̀. Wọn kì í ṣí abọ́ kí wọ́n tó bi mí ní ìbéèrè wọn.

"Ìyàwó mi, ta ló dúńbú ẹ̀?"

"Àfáà ojúlé kejì wa ni, Bàbá."

"Bíṣímílà."

Wọ́n á wá fọwọ́. Bí wọ́n bá jẹun tán, wọ́n á wá nǹkan fi sínú abọ́ náà kí n tó gbé e padà, nítorí pé abọ́ oúnjẹ kì í padà sílé lófìfo láàárín ẹni tó fẹ́ràn ara wọn. Obì ni o, iyọ̀ ni o, bó ṣe ẹyin adìẹ méjì ni. Ìyá mi á ti dúró sẹ́nu ọ̀nà. Kí wọ́n tó kí mi káàbọ̀, wọ́n á ti ṣí ìdérí wo inú rẹ̀.

Ọdún tí mò ń bọ̀ wá sọ nípa rẹ̀ gan-an, ìyá mi lọ sí ìsìn ìdájí Kérésì. Wọ́n ti sọ fún bàbá mi pé kí wọ́n gbé àkùkọ lọ fún àfáà. Bàbá mi gbé e lọ. Àfáà ti lọ sí Orílẹ̀-Òwu láti àná, wọ́n lọ sọ ọmọ lórúkọ. Bàbá mi dúró títí, oòrùn yọ, agogo ṣọ́ọ̀ṣì kejì lù. Wọ́n rò pé ìrànlọ́wọ́ ni àwọn ń ṣe. Nígbà tí ìyá mi fi máa dé, àkùkọ ti wà nínú omi gbígbóná, à ń tu ìyẹ́ rẹ̀.

"Bàbá wọn, àfáà ti dé?"

"Wọn ò tíì dé."

"Ta ló wá dúńbú adìẹ?"

Bàbá mi nu ọwọ́ sí ṣòkòtò. "Èmi ni. Mo kúkú yí i sí gábàsì."

"Ẹ yí i sí gábàsì! Ẹ̀yin tí ẹ wà nínú àwọn akọrin! Ẹ ò ṣe kúkú pèrun fún un?"

"Ta ló máa sọ fún Bàbá Àpòmù? Ọbẹ̀ ò lẹ́nu."

"Ọbẹ̀ ò lẹ́nu, ọmọ tó ń rù ú lọ lẹ́nu." Wọ́n nawọ́ sí mi. "Ṣé kí n kọ́ eléyìí ní irọ́ pípa, kó lọ pa á fún bàbá mi, lọ́jọ́ Kérésì?"

 Ìyá mi jókòó sórí àpótí ìdáná, wọ́n fọwọ́ lẹ́rán. Mo gbọ́ nígbà tí wọ́n ń dá a sọ: "Tí mi ò bá gbé nǹkan kan lọ, wọ́n á ní mo ti gbàgbé àwọn. Tí mo bá gbé eléyìí lọ, tí wọ́n wá mọ̀ lẹ́yìn ọ̀la, wọn ò ní tọ́ ìkòkò mi wò mọ́ láyé."

Ìdí ògiri ni ojú wọn bá lọ. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà kan wà níbẹ̀ tí a gbàgbé nítorí iṣẹ́ kòkó. Ó ti dúdú, ó ti rọ̀, kòkòrò ti ń fò lé e. Àná ni bàbá mi ní kí a lọ dà á sí ààtàn.

Ìyá mi dìde. Wọ́n fi eérú fọ agbada kan tí ẹran kò dé inú rẹ̀ rí. Wọ́n bó ọ̀gẹ̀dẹ̀, wọ́n fi ata gígún àti iyọ̀ sí i, wọ́n gún un pọ̀ nínú odó kékeré, wọ́n wá ń já a sínú epo pupa tó ń hó. Dòdò tí wọ́n fi ń mọ ará Ìkirè ni, dúdú rẹ́súrẹ́sú, ata rẹ̀ ń ta ènìyàn nímú láti ẹnu ọ̀nà. Wọ́n wé e sínú ewé, wọ́n tò ó sínú abọ́ tánńganran.

"Bí wọ́n bá bi ọ́, bó ṣe rí gan-an ni kó o sọ."

Ìrèké kò wọ̀ mí lẹ́nu lọ́nà lọ́jọ́ náà.

"Ìyàwó mi, ta ló dúńbú ẹ̀?"

"Bàbá, kò sí ẹran níbẹ̀." Mo wá sọ ọ́ látòkè délẹ̀: àfáà tó lọ sí Orílẹ̀-Òwu, agogo ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀bẹ bàbá mi. Bàbá Àpòmù ń ṣẹ́ tẹ̀sùbáà wọn lọ ní tiwọn. Wọ́n wá gbójú sókè.

"Bàbá ẹ yí i sí gábàsì?"

"Wọ́n ní àwọn yí i, Bàbá."

Ẹ̀rín pa Bàbá Àpòmù, fìlà wọn ṣí bọ́. "Ìyá ẹ ì bá kúkú gbé e wá. Níbo ni ǹ bá ti mọ̀?"

"Ìyá mi ní àwọn ò ní kọ́ mi ní irọ́ pípa."

Ẹ̀rín náà dá. Wọ́n fọwọ́, wọ́n ní Bíṣímílà, wọ́n tú ewé. Wọ́n jẹ ọ̀kan, wọ́n jẹ méjì, wọ́n lá epo ọwọ́ wọn.

"Níbo lẹ ti rí irú ọ̀gẹ̀dẹ̀ yìí?"

"Èyí tí bàbá mi ní ká dà nù ni."

"Bàbá ẹ ò mọ ohun tó dáa. Ọmọ mi nìkan ló mọ̀ ọ́n yàn."

Nígbà tó tó àkókò àtilọ, wọ́n gba abọ́ lọ sẹ́yìn ilé. Nígbà tí wọ́n gbé e padà, wọ́n ti fi aṣọ dè é, nǹkan sì ń jà nínú rẹ̀. Mo dé Ìkirè, ìyá mi tú aṣọ náà kí wọ́n tó kí mi. Àkùkọ kékeré kan ni, tí ogbe rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ, ó yọrí síta, ó ń wo gbogbo wa bí àlejò tí a ò retí.

Mo jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán mi: "Bàbá ní kí ẹ máa sìn ín de àwọn. Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má fọ̀bẹ kàn án, àwọn ń bọ̀ wá dúńbú ẹ̀ fúnra wọn ní Kérésì tó ń bọ̀."

Ìyá mi fi ìbòrùn bojú. Láti ìgbà tí wọ́n ti lọ́kọ, bàbá wọn kò tíì tẹsẹ̀ bọ ilé wọn rí.

Ọdún yí po, Bàbá Àpòmù dé lóòótọ́, pẹ̀lú ọ̀bẹ tiwọn. Nígbà tí ìyá mi gbé ìrẹsì kalẹ̀, tí wọ́n sì gbé dòdò tì í, èmi ni mo kọ́kọ́ lanu.

"Bàbá, ta ló dúńbú ẹ̀?"

Bàbá mi wò mí bí ẹni tó fẹ́ gbá mi létí. Bàbá Àpòmù ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n mú ìwe adìẹ, wọ́n fi eyín gé e sí méjì, wọ́n na ìdajì sí bàbá mi.

"Onígábàsì," wọ́n ní, "gbà, jẹ tìẹ."