Ajá Tó Ń Sá fún Ọpẹ́

Ìyá ọkọ mi kò fẹ́ràn ajá. Kì í ṣe pé ó burú. Ẹlẹ́sìn ni, ó sì gba gbogbo ohun tí Ààfáà bá sọ gbọ́ ju bí Ààfáà fúnra rẹ̀ ṣe gbà á gbọ́ lọ. Nítorí náà, lọ́jọ́ tí mo mú ajá wọ agboolé wa l'Ọ̀tà, tí òjò ti rin èmi àti ajá gbingbin, ohun tí Màmá kọ́kọ́ ṣe ni pé ó gbé bútà àlùwàlá rẹ̀ sá wọ yàrá.

"Ìyàwó, kí lo mú bọ̀ yẹn?"

"Ajá ni, Màmá."

"Mo rí i pé ajá ni. Mo ní kí lo mú un bọ̀ fún?"

Obì ni mo ń rà lóko tí mo ń tà l'Ọ̀tà, oko obì ni mo sì ti ń bọ̀ lọ́jọ́ náà tí mo fi rí i nínú kòtò tí wọ́n ti ń wa amọ̀ ilé. Omi ti mù ún dé ọrùn. Okùn jíjá kan wà lọ́rùn rẹ̀, kò gbó, kò ké, ó kàn ń wò mí. Mo tú gèlè mi, mo fi fà á jáde. Òyìnbó ló ṣì ń ṣàkóso nígbà náà, kò sì tíì sí fákítọ̀rì kankan lọ́nà Sango. Oko obì àti igbó ni ọ̀pọ̀ ibi tí ẹ ti ń rí èéfín lónìí.

Ọkọ mi ní kí ajá dúró. Lẹ́yìn tí Màmá sọ̀rọ̀, ó ní kí ajá máa lọ. Ẹni tó bá sọ̀rọ̀ kẹ́yìn ni ọkọ mi máa ń gbè, kí Ọlọ́run fọ̀rùn kẹ́ ẹ.

Ajá náà tijú ju ìyàwó ọ̀ṣìngín lọ. Abẹ́ àpótí tí mo fi ń jókòó bó obì ló fi ṣe ilé. Bí ènìyàn bá ń wò ó, kì í jẹun. Bí a bá gbé ẹ̀kọ tútù síwájú rẹ̀ tí a sì kẹ́yìn sí i, kí a tó yíjú padà, ẹ̀kọ ti tán. Mo fẹ́ràn rẹ̀, n kò ní purọ́. Inú ariwo ni mo dàgbà sí, ohùn mi sì máa ń ṣáájú mi dé ibi tí mo bá ń lọ, àmọ́ nǹkan kan wà nínú ìdákẹ́jẹ́ ajá yẹn tó ń tù mí lára.

Ó wá di ọjọ́ kan, ajá lá bútà Màmá. Ìgbà méje ni Màmá fọ bútà náà, bí ẹ̀sìn ṣe ní kí a fọ ohun tí ajá bá lá, ó fi iyanrìn kún un, ó sì jókòó.

"Kí oṣù ààwẹ̀ tó lé, kí ajá yìí ti ní ilé mìíràn. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọkùnrin Àgbárá ń wá ajá."

Gbogbo wa la mọ ọkùnrin Àgbárá. Ó máa ń wá lọ́jọ́ ọjà, á máa béèrè ajá tó bá ti sanra díẹ̀, kò sì sẹ́ni tó gbọ́ ọ rí pé ajá kankan ń ṣọ́ ilé rẹ̀. Bó bá ti mú ajá tán, ata ló máa ń rà tẹ̀lé e.

Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí wá ilé fún ajá. Ọdẹ kan wà lọ́nà Ilo-Awela tó ní òun fẹ́ ẹ. Mo mú un lọ, ọdẹ gbà á tayọ̀tayọ̀, ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ sì ti bàjẹ́. Nílẹ̀ wa, ẹni tí a bá fún ní nǹkan kì í dá dúpẹ́. Á ké sí ará ilé, ará ilé á ké sí àdúgbò: "Ẹ bá mi dúpẹ́ o!" Kí n tó dìde lórí ìjókòó, ìyàwó ọdẹ ti dé, ìyá ọdẹ ti dé, àwọn ará ilé kejì ti ń ṣe àdúrà lọ́ọ̀ọ́kán. Ajá já okùn. Mo délé, mo bá a lábẹ́ àpótí.

Mo tún mú un lọ sọ́dọ̀ káfíńtà kan. Mo ti bẹ ìyàwó káfíńtà pé kó má ké sí ẹnikẹ́ni, kò sì ké sí ẹnikẹ́ni. Ìyá káfíńtà ni kò sẹ́ni tó kìlọ̀ fún. Orin ló fi dúpẹ́, ó sì ní ẹlẹ́gbè. Nígbà tí a tún rí ajá lábẹ́ àpótí, Màmá rẹ́rìn-ín títí ó fi mú ògiri dání.

"Ajá tó bá máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ," ó ní. "Tìrẹ ò tiẹ̀ fẹ́ gbọ́ ẹ ṣeun."

Inú bí mi. Mo jágbe mọ́ ajá pé aláìmoore ni, ó sì tún sún wọlé sí i.

Ó ku díẹ̀ kí oṣù lé nígbà tí mo lọ sí Ìjù. Àgbẹ̀ kan tí mo ti ń ra obì lọ́wọ́ rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ ti kú, ìyàwó rẹ̀ sì wà nínú opó. Oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá ni obìnrin mùsùlùmí fi ń ṣe é, kì í jáde lọ kiri. Mo fẹ́ lọ kí i, kí n sì bá a bó obì díẹ̀. Mo mú ajá dání nítorí pé ọjọ́ ọjà ni, n kò sì lè fi òun àti ọkùnrin Àgbárá sílẹ̀ sínú ìlú kan náà. Mo so ó mọ́ igi níwájú ilé, mo wọlé.

"Ẹ kú ìrọ́jú, Ìyá. Ọlọ́run á fi àljánnà kẹ́ wọn."

"Àmín, ọmọ mi."

Ẹ̀yìnkùlé la jókòó sí, à ń bó obì tí wọ́n ti rẹ sómi, à ń tò ó sínú apẹ̀rẹ̀ tí a tẹ́ ewé sí. Ilé opó kì í pariwo. Ó pẹ́ díẹ̀, mo gbójú sókè, mo rí ajá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ti bọ́ orí kúrò nínú okùn. Mo la ẹnu láti kígbe.

"Má wò ó," ìyá náà sọ jẹ́ẹ́jẹ́. Kò gbé orí sókè. "Máa bó obì ẹ."

Mo ń bó obì, ẹnu ń yún mi. Ajá rìn díẹ̀, ó dúró, ó tún rìn díẹ̀. Nígbà tó yá, ó dùbúlẹ̀ lórí ewé tó kù sílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ ìyá náà, ó sì mí kanlẹ̀.

"Ta ló ni ín?"

"Kò sẹ́ni tó ni ín, Ìyá."

"Kí ló ń jẹ?"

"Ẹ̀kọ tútù, bí ẹnikẹ́ni ò bá wò ó."

Ó bó obì kan tán kó tó dáhùn. "Èmi náà kì í lè jẹun mọ́ bí èèyàn bá ń wò mí." Ó mú obì mìíràn. "Láti ìgbà tí bàbá ti lọ, ọ̀kẹ́rẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ obì oko tán. Ààfáà wa ní kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú ajá tó bá ń ṣọ́ oko. Fi í sílẹ̀ fún mi."

Mo fi í sílẹ̀. Ìyá náà ní, "O ṣeun," ó tán síbẹ̀. Mo sunkún díẹ̀ lójú ọ̀nà, inú mi sì dùn.

Àmọ́ ilẹ̀ mọ́. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ẹni tí a ṣe lóore a máa wá kí ni kú àná. Mo mọ̀ pé opó kò lè wá, ṣùgbọ́n kò rán ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ ń lọ, oṣù lé, a bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀, n kò gbọ́ nǹkan kan.

"Ẹni a ṣe lóore tí kò dúpẹ́," Màmá ní, "bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni."

Èyí tó burú jù ni pé àwọn obìnrin méjì kan tó ti Ìjù gbé obì wá sọ pé àwọn lọ kí opó náà, àwọn ò rí ajá kankan níbẹ̀. Ọkùnrin Àgbárá pàápàá kò béèrè ajá mọ́. Ó kàn ń ra ata. Mo lè dìde kí n lọ wò ó, Ìjù kò jìnnà. Ẹ̀rù ló bà mí. Bí mo bá débẹ̀ tí n kò bá a, kí ni mo fẹ́ wí fún ara mi?

Lẹ́yìn Ìtúnu Ààwẹ̀, mo wà lórí àpótí mi lọ́sàn-án, mo ń bó obì, Màmá jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Obìnrin kan gba ẹnu ọ̀nà agboolé wọlé, ó ró aṣọ tuntun, ó ru apẹ̀rẹ̀ obì. Ó ti jáde opó. Kò ké sí onílé. Ó kàn dúró, mo sì rí imú dúdú kan tó yọ lẹ́yìn ìró rẹ̀.

Màmá rí i pẹ̀lú. Ó la ẹnu, mo mọ ohun tó fẹ́ ti ibẹ̀ jáde, nítorí bí Màmá bá kí àlejò, ará Ìjù lè jẹ́ ẹ. Ó pa ẹnu dé. Ará ilé kan ń sáré bọ̀ láti yàrá, Màmá nawọ́ sí i pé kó padà. Ó wá sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, ohùn tí n kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé mi wọlé:

"Ẹ káàbọ̀."

"O ṣeun àná," obìnrin náà sọ fún mi jẹ́ẹ́jẹ́, bíi pé àná ni lóòótọ́. "Bí àlejò bá dé, abẹ́ ibùsùn mi ló máa ń sá sí. Kò sẹ́ni tó tíì rí i níbẹ̀ àfi èmi."

Mo na ọwọ́ sí ajá. Ó gbóòórùn ọwọ́ mi, ó ju ìrù lẹ́ẹ̀kan, ó sì padà lọ dùbúlẹ̀ lórí ẹsẹ̀ ẹni tó ni ín. Ó dùn mí díẹ̀. Ayọ̀ tó wà nínú mi sì pọ̀ ju ìyẹn lọ fíìfíì.

Màmá fúnra rẹ̀ bu omi sínú igbá kékeré kan, ó gbé e sílẹ̀, ó sì kẹ́yìn sí i. Ajá mu omi náà tán. Nígbà tí wọ́n ń lọ, ajá ló ń ṣáájú, ó ń bojú wẹ̀yìn wò bóyá ìyá ń bọ̀.

Mo gbé igbá, mo ń wá iyanrìn tí màá fi fọ̀ ọ́.

"Má wulẹ̀ fọ̀ ọ́," Màmá ní. Ajá ti lọ, síbẹ̀ kò tíì gbé ohùn rẹ̀ sókè. "Gbé e sábẹ́ àpótí ẹ. Ìyẹn ló máa fi mumi bó bá tún wá."