Ọsàn Aláwọ̀ Méjì ní Àgbàlá Wa

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí fèrè ilé iṣẹ́ ẹ̀yìn ilé wa ní Agége máa ń jí wa láràárọ̀, igi ọsàn kan ṣoṣo ló wà ní àgbàlá wa. Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, ló gbìn ín. Láti Ògbómọ̀ṣọ́ ló ti mú kóró rẹ̀ wá. Èmi àti Táíwò, ìkejì mi, la máa ń gbá abẹ́ rẹ̀ ká tó lọ sílé ìwé. Ẹni tó bá já ọsàn láìgbàṣẹ, ìkúnlẹ̀ àti ìkáwọ́sókè ni, òórùn búrẹ́dì gbígbóná láti ojú títì á sì máa fi ikùn ẹni ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tẹ́ ẹ dàgbà lágbègbè Dópémù, ẹ mọ òórùn náà.

Lọ́dún kan, ẹ̀ka kan ṣàdédé yíwà padà. Ọsàn orí ẹ̀ka yòókù wà bó ṣe wà, ṣùgbọ́n tiẹ̀ pín sí méjì: apá kan pọ́n dẹ̀dẹ̀, apá kejì ní àwọ̀ ewé, ààlà wọn sì gún bí ẹni fi abẹ fà á.

Àgbàlá dàrú. Màmá Ṣàkírá, ayálégbé yàrá iwájú, ní ayé ti fọwọ́ kan igi náà. Alájì, bàbá onílé, èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ṣùgbọ́n àwọn ayálégbé kò jẹ́ kó simi, ló bá ní kí wọ́n gé e ní Sátidé. Inú mi bàjẹ́ gan-an. Igi yẹn nìkan ni Ìyá Àgbà ní l'Ékòó tó ń rán an létí ilé. Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó kàn ń jókòó pẹ́ lábẹ́ rẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ní Sátidé, ẹni tó fẹ́ gé igi ti gbé àáké dé nígbà tí Ìyá Àgbà ní kó ní sùúrù. Ó já ọ̀kan nínú ọsàn náà, ó bó o, ó pè mí.

"Kẹ́hìndé, ìwọ lẹ̀gbọ́n. Ta lo rán kó kọ́kọ́ wá wo ayé bóyá ó dára?"

"Táíwò ni, mà."

"Ó dáa, tún rán an."

Mo rán an. Táíwò, tí kì í bẹ̀rù ohunkóhun tó bá ṣe é jẹ, mu apá kan, ojú rẹ̀ fún pọ̀. Màmá Ṣàkírá káwọ́ lérí. Táíwò yí ọsàn náà, ó mu apá kejì títí ó fi gbẹ.

"Ibí kan, ibí dùn," ló wí, ó sì nawọ́ fún òmíràn.

Ìyá Àgbà kọjú sí bàbá onílé. "Alájì, láyé ijọ́un, wọ́n ń sá fún ìbejì náà. Àmọ́ ẹ̀yin lẹ jó jù lọ́jọ́ tá a sọ àwọn méjì yìí lórúkọ. Tẹ́ ẹ bá máa gé igi torí pé ó bí méjì pọ̀, ẹ yáa lé àwọn ọmọ mi náà jáde."

Alájì rẹ́rìn-ín títí fìlà fi bọ́ lórí rẹ̀. Igi náà dúró. Kò pẹ́ tí àwọn obìnrin tó ń wojú Olúwa fún ọmọ fi bẹ̀rẹ̀ sí í wá tọrọ "ọsàn ìbejì," Màmá Ṣàkírá yìí kan náà ló sì ń tò wọ́n sórí ìlà.

Ilé ẹ̀kọ́ girama ni mo ti wá gbọ́ lẹ́nu tíṣà ẹ̀kọ́ ọ̀gbìn wa pé ojú kan lára igi lè yí padà fúnra rẹ̀, kí ẹ̀ka tó bá hù níbẹ̀ sì máa gbé oríṣi méjì nínú ara kan. Kò yà mí lẹ́nu rárá.

Lónìí, ọsàn inú páálí làwọn ọmọ wa ń mu, èyí tí kò ní kóró, tí kì í sì í kan. Ìyá Àgbà ti lọ, àgbàlá wa sì ti di ilé ìkẹ́rùsí. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó wó o, Táíwò gé ojú kan lára ẹ̀ka yẹn, ó la èèpo igi ọsàn ẹ̀yìn ilé rẹ̀, ó ki ojú náà bọ̀ ọ́, ó sì dì í. Lọ́dún yìí, ó so.

Ó pè mí wá. Nígbà èwe, apá tó kan ló máa ń ṣẹ́kù fún mi, torí ẹni tó tọ́ ọ wò ló ń yàn. Lọ́tẹ̀ yìí, ó bó ọsàn náà, kò fẹnu kàn án, ó gbé e fún mi.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ìwọ ni kó o kọ́kọ́ mu ún."

Apá tó kan ni mo bá. Ó ń fi mí rẹ́rìn-ín. Mo yí i sí apá kejì, omi sì lé sójú mi, torí ìgbà yẹn ni mo mọ ohun tó ṣe fún mi kí wọ́n tó bí mi: ó tọ́ ayé wò, ó kan, ó dùn, ó sì ní kí n máa bọ̀.